Dell ọdún 2007 tí ọmọ mi fi sílẹ̀: ṣé ó ṣì ṣe é lò, àbí kí n jáwọ́ níbẹ̀?

TíṣàÀpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Àpáta níbí ni mò ń gbé. Láptọ́ọ̀pù kan wà lọ́wọ́ mi, Dell Latitude D630. Àkọ́bí mi ló lò ó nílé ìwé kó tó ra òmíràn. Windows Vista ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, àmọ́ Windows 7 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tó ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 2GB.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe kò pọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, mo máa ń tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo tún ń kó oríkì ìdílé wa jọ, mo sì fẹ́ kí àmì ohùn orí rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn ìyẹn, ká ka ìwé ìròyìn, ká wo ímeèlì, ká rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ ní Kánádà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Bí mo bá tàn án, mo lè lọ sè kọ́fí kí n sì mu ún tán kó tó ṣetán. Gbogbo ibi tí mo bá ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kìlọ̀ fún mi pé ibẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán, títí kan Google. Chrome ní òun kò ní rí àtúnṣe gbà mọ́. Bí iná bá sì lọ pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn, bátìrì kò gbé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n lọ sọ ọ́ nù. Òmíràn ní kí n mówó wá, òun á fi Windows 11 sí i. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnà àwọn oníkọ̀ǹpútà dá mi lóhùn o.

Àdìsá_ÌwóRoad

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọdún wo ló kọ síbẹ̀? Ó dá mi lójú pé ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́ ni.

Bátìrì róbótó kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ CR2032. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti àkókò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, pàápàá èyí tí bátìrì ńlá rẹ̀ kò gbé e mọ́. Tiyín ti kú. Gbogbo ibi tó ní àwòrán àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Tí kọ̀ǹpútà yín bá gbà pé 2007 la ṣì wà, lójú tiẹ̀, wọn kò tíì kọ ìwé ẹ̀rí kankan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń fura sí Google pàápàá. Ẹ fọwọ́ ara yín tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ tún un wò. Tó bá lọ, ẹ ra bátìrì yẹn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ó máa ń ní wáyà kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn lára, nítorí náà ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tà á.

Ẹni tó ní òun á fi Windows 11 sí i, ẹ sá fún un. Microsoft ní dandan ni kí kọ̀ǹpútà ní TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó wà fún ààbò, kí ọpọlọ Intel inú rẹ̀ sì jẹ́ ìran kẹjọ sókè, ìyẹn àwọn tó jáde láti 2017. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ òfin yẹn sílẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí 24H2, ẹ̀dà Windows 11 ti ọdún 2024, ti dé, ọgbọ́n yẹn ti tán fún irú tiyín. Windows yẹn ń lo àṣẹ kan tó ń jẹ́ POPCNT, kò sì sí i nínú Core 2 Duo, ọpọlọ tó wà nínú tiyín. Kò ní tàn rárá.

ÌyáÌbejì_Agbowó

Ẹ̀yin ọkùnrin, títú nǹkan palẹ̀ ló máa ń wù yín. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kówó lé D630. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tẹ̀wé, tá a ti ń ṣe fọ́ọ̀mù JAMB l'Ágbowó, mo sì ti lo irú ẹ̀rọ yẹn rí. Ó lágbára lóòótọ́, wọ́n ṣe é dáadáa, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì láfiwé. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ ńkọ́? Core 2 Duo inú rẹ̀ nìkan lè fa 35 wọ́ọ̀tì bó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Core i5 ìran kẹrin tó wà nínú àwọn láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ju 15 lọ. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú, ìyẹn lè má kàn án. Àwa tá à ń fi ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣiṣẹ́, ó kàn wá gidi.

Ẹ wá tòkúnbọ̀ rà. Latitude E7440, ThinkPad T440, EliteBook 840 G1, gbogbo wọn ti rẹ̀ sílẹ̀ lórí owó. Windows 10 á ṣiṣẹ́ lórí wọn wẹ́rẹ́.

ọmọPọ́lì_Sáńgò

Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sí i, ó tán. Ẹ sáà wá èyí tó jẹ́ 32-bit, ìyẹn fún ọpọlọ ayé àtijọ́, torí ẹ̀rọ àtijọ́ ni.

Àrẹ̀mú_Bẹẹrẹ

Àbúrò, o gba ọ̀nà Linux, ó dáa, ṣùgbọ́n 32-bit yẹn kọ́. Core 2 Duo jẹ́ 64-bit, irú tí wọ́n ṣì ń lò lónìí. Àwọn tó jẹ́ 32-bit ni Pentium M ayé ìgbà kan, àti Atom N270 tó wà nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké tí wọ́n gbòde lọ́dún 2008 sí 2009. Ilẹ̀kùn sì ń tì mọ́ àwọn wọ̀nyẹn. Debian 13, oríṣi Linux kan tó jáde lọ́dún 2025, kò ṣe èyí tí wọ́n lè fi sórí ẹ̀rọ 32-bit mọ́, Firefox tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì náà ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lórí Linux 32-bit. Kí ló dé tá a fẹ́ fọwọ́ ara wa mú Bàbá lọ síbi tí ọ̀nà ti ń dí?

Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ iná yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun méjì wà níbẹ̀ tí mi ò fara mọ́. Èkínní, Windows 10 tí ẹ ń sọ, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹni bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ọdún kan kún un fún. Tí Bàbá bá ra i5 ìran kẹrin lónìí, Windows 11 kò gbà á ní tòótọ́ títọ́ náà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa padà wá bi wá lọ́dún tó ń bọ̀, owó á sì ti lọ. Èkejì, Latitude E7440 kì í lo SSD (díìsìkì ayé ìsinsìnyí) oníwọ̀n ínṣì 2.5 tí gbogbo ayé ń lò, mSATA, irú kékeré mìíràn, ló ń gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á ra SSD dé ilé, kò ní rí ihò tó máa kì í bọ̀.

Ó wá kan ohun tí mo fẹ́ sọ fún Bàbá fúnra wọn.

Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó tàn ni háàdì díìsìkì rẹ̀. Àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Ti ọdún 2007 ti yí, ó ti yí, ó ti rẹ̀ ẹ́. SSD kò ní ohun tó ń yí. Ihò SATA inú D630 kò lè jẹ́ kí SSD sá gbogbo eré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ máa rí kò kéré rárá. Èyí tó kéré jù lọ́jà, 120GB tàbí 128GB, ti pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ nílò lọ. Láti pààrọ̀ rẹ̀ lórí D630 kò le: skúrù méjì ló wà nísàlẹ̀, ẹ tú wọn, ẹ fa díìsìkì náà jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní tọ́nàfíìsì lè ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi gbà pé owó SSD kì í ṣòfò. Lọ́jọ́ tí D630 bá kú pátápátá, ẹ máa yọ SSD yẹn, ẹ máa kì í bọ inú T440 tàbí EliteBook tí Ìyá Ìbejì ń sọ, tòun tàwọn fáìlì yín. RAM kò rí bẹ́ẹ̀. DDR2 ni ti D630, irú RAM àtijọ́ kan, kò wọ inú T440 tàbí EliteBook yẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí 2GB àlòkù kan lówó pọ́ọ́kú, ẹ fi kún un kó di 4GB, torí ibi tí Dell ní kó mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lọ́wọ́n. Ihò RAM kan wà lábẹ́ pátákó kékeré nísàlẹ̀, èkejì wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá ń bá yín ṣe é má wulẹ̀ sọ pé ihò kan ṣoṣo ló ní.

Linux tí mo máa fi síbẹ̀ ni Mint 22, oríṣi Xfce tó fúyẹ́. 2GB ló kéré jù tí wọ́n ní kó ní, 4GB ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Títí di 2029 ló máa fi rí àtúnṣe gbà. Tí RAM bá dúró sí 2GB, ẹ gbé MX Linux tàbí antiX yẹ̀ wò, wọ́n fúyẹ́ jù ú lọ, àmọ́ antiX kò rẹwà lójú.

Ìṣòro tó kù ni Chrome, àti ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì dà lónìí. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ṣí á kó ìpolówó, fídíò, àti àwọn amí tó ń wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà wá. Ẹrù ọkọ̀ Danfo ni wọ́n ń dì lé kẹ̀kẹ́ Márúwá. Firefox ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi uBlock Origin, àfikún tó ń dí ìpolówó, sí i lọ́jọ́ kìíní. Chrome ti lé uBlock Origin gan-an jáde lọ́dún 2025, èyí tí wọ́n ń pè ní Lite ló kù níbẹ̀. Èyí á bá yín dín dátà kù pẹ̀lú. Ẹ má ṣí ju ojú ìwé méjì mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Gmail ní ojúùwé pẹlẹbẹ kan tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ tí kò lágbára, Google ti pa á rẹ́ lọ́dún 2024. Nítorí náà ẹ fi Thunderbird, ètò tó wà fún ímeèlì, ka ímeèlì.

Àdìsá_ÌwóRoad

Àrẹ̀mú sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó lọ ra SSD. Oríṣi D630 méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ẹ̀yà Intel ló ń gbé àwòrán jáde, nínú èkejì, Nvidia Quadro NVS 135M ni. Ti Nvidia yẹn ní àrùn láti ilé iṣẹ́ wá: ojú ibi tí wọ́n jó mọ́ra nínú rẹ̀ máa ń sán bó bá ń gbóná tó sì ń tutù léraléra. Lọ́dún 2008, Nvidia fúnra wọn kéde rẹ̀, wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ fún un, láàárín 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là. Dell wá gbé BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) tuntun jáde tó ń mú kí fáànù máa yí ṣáájú ìgbà tó yẹ kó yí, kó lè máa tutù. Ìyẹn kò wo àrùn náà sàn, ó kàn sún ikú rẹ̀ síwájú ni.

Bàbá, ẹ tẹ Start, ẹ kọ Device Manager, ẹ wo abẹ́ Display adapters. Bó bá jẹ́ Mobile Intel 965 lẹ rí, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ NVS 135M, èmi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ná ju owó bátìrì róbótó lọ. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń sọ pé àwọn á fi iná gbígbóná wo ó sàn. Ó máa ń padà kú ni.

ÌyáÌbejì_Agbowó

Mo gbà ní ti mSATA. T440 tàbí 840 G1 ni kí wọ́n wò nígbà náà, àwọn yẹn ń gba oníwọ̀n 2.5.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí kò mọ Linux rí, tẹ́ ẹ kó o lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, ta ló máa bá a tún un ṣe bó bá yí padà? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú yìí, Windows nìkan ni wọ́n mọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n mọ̀ náà ni kí wọ́n nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì díẹ̀. Èmi ṣì ń lo Windows 7 títí dòní. Firefox ESR 115 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Mozilla sì ti sún ìparí rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Word 2007 mi wà níbẹ̀. Kí wọ́n ra SSD, kí wọ́n da Windows 7 wọn sí i, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Gbogbo ariwo ààbò yìí, ta ló fẹ́ jí àkọsílẹ̀ ìpàdé onílé?

Àrẹ̀mú_Bẹẹrẹ

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, àkọsílẹ̀ ìpàdé kọ́ ni wọ́n ń wá. Ímeèlì Bàbá ni wọ́n ń wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà dé ibi tí àwọn ọmọ ń fowó ránṣẹ́ sí. Àtúnṣe Windows 7 ti dópin láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020. Firefox lè máa dáàbò bo ara rẹ̀, kò lè dáàbò bo Windows tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Flash ńkọ́? Bàbá ń lọ tẹ ìwé jáde níta. Ṣé ẹ mọ kòkòrò tó ń sọ gbogbo fáìlì orí flash di shortcut? Ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tẹ̀wé, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, Ìyá Ìbejì. Lórí Linux kò lè ṣe ohunkóhun: fáìlì gidi tó fi pa mọ́, ẹ máa rí i kedere níbẹ̀, ẹ ó sì pa kòkòrò náà rẹ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ fi Windows 7 sílẹ̀ fún Word nìkan, láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, mi ò ní jà sí ìyẹn. Kí wọ́n wá máa fi fóònù ṣe gbogbo ohun tó kan báńkì.

ÌyáÌbejì_Agbowó

Ẹ̀ẹ́ mú mi mọ́ ọn, àbí? Kọ̀ǹpútà tèmi mọ́ o.

TíṣàÀpáta

Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú mi. Mo tún ọjọ́ ṣe bí Àdìsá ṣe wí. Ọdún 2007 ló kọ lóòótọ́, oṣù kìíní. Bí mo ṣe tún un ṣe báyìí, Google ṣí, àwọn ìwé ìròyìn náà ṣí. Mo sì wo Display adapters yẹn, Mobile Intel 965 ló kọ síbẹ̀. Mo dúpẹ́.

Ìbéèrè mi wá ku mẹ́ta. Àwọn ìwé Word tí mo ti tẹ̀ sílẹ̀, ṣé Linux á ṣí wọn? Àmì ohùn ńkọ́, ṣé mo lè tẹ ẹ̀, ọ́, ṣ níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, fóònù mi ni mo fi ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn ó máa ń rí i, nígbà mìíràn kò ní rí i.

Atúmọ̀_Bódìjà

Bàbá, ti àmì ohùn, iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn, Yorùbá ni mò ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Linux ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú tẹ́lẹ̀, ẹ kò nílò láti dáńlóòdù nǹkan kan. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tò kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá Nigeria, ẹ ó rí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi Yorùbá kún èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò, kẹ́ ẹ má yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, kẹ́ ẹ sì yan bọ́tìnì kan tí ẹ ó máa fi yí láti ọ̀kan sí èkejì. Windows 7 náà ní ti Yorùbá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò kàn mọ̀.

Ibi tí wàhálà máa ń wà ni fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì mìíràn á gbé àmì ohùn kúrò lórí ọ, á sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. DejaVu, Noto àti Charis SIL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì tẹ́ ẹ bá ti fi fọ́ǹtì àtijọ́ kan tẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà mìíràn pa rọ́pò ẹ àti ṣ, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn ìwé ìgbà yẹn máa ń dà rú pátápátá bí fọ́ǹtì yẹn kò bá sí, ẹ ó sì tún un tẹ̀ ni.

ÌyáÌbejì_Agbowó

Ti Word: LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé ti Linux, á ṣí i, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ padà bíi docx. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ní ìṣòro. Èyí tó bá ní tábìlì púpọ̀ tàbí àwòrán lè sún kúrò níbi tó wà, ojú ìwé mẹ́ta á di mẹ́rin. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé flash wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ sọ ọ́ di PDF. LibreOffice ní bọ́tìnì rẹ̀ lókè níbẹ̀, títẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bẹ́ ẹ ṣe rí i nílé lẹ ó rí i lórí bébà. Ẹ bá mi sọ fún gbogbo àwọn oníbàárà tó ń gbé docx wá pẹ̀lú fọ́ǹtì tí n kò ní, tí wọ́n á wá máa bá mi jà pé mo ba ìwé ìkésíni ìgbéyàwó wọn jẹ́.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílé, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí sí Linux. Ti HP pọ̀ jù lára àwọn tó máa ń gbà. LaserJet P1102 tèmi gbà, àmọ́ ó ní àfikún kan tó gbọ́dọ̀ dáńlóòdù kó tó tẹ ohunkóhun.

Ó dáa, mo ti mọ Linux díẹ̀ o. Ẹ má rò pé mo kàn ń takò ó.

ọmọPọ́lì_Sáńgò

😂 Mọ́mì!

Ti íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, sà: D630 ní bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn, òun ló ń tan Wi-Fi tó sì ń pa á. Báàgì lè tì í. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Tó bá wà ní títàn, ẹ lọ sínú ètò hotspot fóònù yín, ẹ yan 2.4GHz. Àwọn fóònù tuntun fẹ́ràn 5GHz, ọ̀pọ̀ káàdì Wi-Fi ayé ìgbà yẹn kò sì ríran débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí WPA3, irú ààbò Wi-Fi tuntun, níbẹ̀, ẹ yí i padà sí WPA2.

Tí ẹ bá ti fi Linux sí i tí Wi-Fi kò yọjú rárá, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn D630 kan ní káàdì Broadcom, Linux sì ní láti lọ gba fáìlì kan fún un kó tó jí. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé lójú ẹsẹ̀. Mo gbà lórí 32-bit yẹn, ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ bátìrì àti ṣájà. Bàbá ní bó bá ti kú, ó kú.

Àdìsá_ÌwóRoad

Ẹ̀gbọ́n, ó tó ọ̀rọ̀ sọ. Ṣájà Dell ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín ẹnu rẹ̀. Òun ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù pé ta lòun jẹ́ àti pé wọ́ọ̀tì mélòó lòun gbé. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ti wọ́, tàbí kó jẹ́ ṣájà ayédèrú, láptọ́ọ̀pù á tàn o, àmọ́ kò ní ṣáàjì bátìrì, á sì dín eré ara rẹ̀ kù. Bó bá ń tàn, ó máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ irú ṣájà tí wọ́n fi sí òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ ẹ́ kọjá láìkà á, wọ́n á wá máa ra bátìrì lásán. Bàbá, ẹ wò ó bóyá ó ń kọ ọ́.

Bátìrì tuntun fún D630: mi ò lè bẹ̀ yín kẹ́ ẹ rà á. Èyí tó wà lọ́jà, ó lè ti pẹ́ nínú páálí rẹ̀, bátìrì lithium sì máa ń gbó bí ẹ ò bá tilẹ̀ lò ó. Ẹni tó bá ní ínfátà, kó lò ó lórí ínfátà. Ẹni tí kò bá ní, kó máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn mélòó kan. LibreOffice lè máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan tẹ́ ẹ bá yàn fún un, ẹ jẹ́ kó kéré.

Kí n fi èyí kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù rẹ̀ dànù kí ọyẹ́ tó dé, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀dà tó wà láàárín ọpọlọ rẹ̀ àti irin tó ń tù ú. Tí ó bá ń gbóná, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni, ẹ ó máa rò pé SSD kò ṣiṣẹ́.

Atúmọ̀_Bódìjà

Àwọn ọmọ-ọmọ ní Kánádà ńkọ́? Ó dà bíi pé gbogbo wa ti gbàgbé wọn.

Àrẹ̀mú_Bẹẹrẹ

Kí wọ́n fi fóònù rí wọn. D630 tí mo ti rí kò ní kámẹ́rà. Kámẹ́rà USB wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Zoom tàbí Google Meet á mú kí Core 2 Duo máa mí gúlegúle, fáànù á sì máa pariwo wọ inú ọ̀rọ̀. WhatsApp orí kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kó wà lórí fóònù, ó ń jẹ RAM ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi okùn kó fáìlì láti fóònù.

YouTube ṣeé wò lórí rẹ̀, tí ẹ bá fi í sí 480p. Àfikún Firefox kan wà tó ń jẹ́ h264ify. YouTube máa ń fi fídíò ránṣẹ́ ní oríṣi tuntun tí ẹ̀rọ yín kò mọ̀ ọ́n tú, gbogbo agbára rẹ̀ á wá lọ sórí rẹ̀. Àfikún yẹn á ní kí YouTube fi oríṣi H.264 ránṣẹ́, ìyẹn rọrùn fún un díẹ̀.

TíṣàÀpáta

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Mà á ra bátìrì róbótó àti SSD kékeré, mà á sì jẹ́ kí wọ́n fọ fáànù. RAM, bí mo bá rí àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan. Linux Mint ni mo fẹ́ fi síbẹ̀. Háàdì díìsìkì àtijọ́ á wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú Windows 7 rẹ̀, bí mi ò bá lè fara dà á, mà á dá a padà. Ìyá Ìbejì, bí ó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan T440 yẹn.

Dátà ló kù. Wọ́n ní Mint yẹn tó 3GB. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi dáńlóòdù rẹ̀ náà sì lẹ̀ ń wò yìí.

ÌyáÌbejì_Agbowó

Kò burú, Bàbá. Ẹ wá kí mi l'Ágbowó, mà á bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

ọmọPọ́lì_Sáńgò

Ẹ má dáńlóòdù nǹkan kan sà, ó wà lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ Mọ́mì l'Ágbowó, ẹ pè mí kí n wá bá yín níbẹ̀, kò jìnnà sí mi. F12 la máa tẹ̀ bó bá ń tàn, a ó kọ́kọ́ gbé e jáde láti orí flash láìfọwọ́ kan díìsìkì yín, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá Wi-Fi àti ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú flash tó tó 8GB dání fún Mint, àti òmíràn lọ́tọ̀ tẹ́ ẹ ti kó gbogbo ìwé yín sí. Ti kejì yẹn ṣe pàtàkì jù. Bí mi ò bá rí i, mi ò ní tú skúrù kankan.